Ilé Tí Ń Bá Onílé Rìn: Ìtàn Ọkọ̀-Ilé ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ohun tí wọ́n sì rí kí wọ́n tó wí bẹ́ẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sun orí ẹní àlejò rí, tí ó ti jẹ ọbẹ̀ tí kò mọ ẹni tí ó sè é, tí ó sì ti jí ní òru láti ka owó àpò rẹ̀ bóyá yóò gbé e délé. Nǹkan méjì ni ó máa ń ba àjò jẹ́ mọ́ arìnrìn-àjò lọ́wọ́: èkíní ni owó tí í tán kí ọ̀nà tó tán, èkejì sì ni ara tí kò rí ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn sinmi sí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí òkun fi ìhà méjèèjì dì mú, àwọn ènìyàn kan rò ó títí, wọ́n sì fi ọgbọ́n kan ṣoṣo kojú ìṣòro méjèèjì: wọ́n gbé ilé ka orí táyà, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, kí ìkarahun máa tẹ̀ lé e. Ìtàn ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ. Ó fi yé wa pé ìrọ̀rùn tí kò fi ẹ̀yìn ti ìṣọ́wóná kì í tọ́jọ́, àti pé nígbàkígbà tí àwọn tí ń kan irú ilé bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé mẹ̀kúnnù tí ó sọ iṣẹ́ wọn di ńlá, ohun kan a ṣẹlẹ̀ tí yóò rán wọn létí.

Kí a tó dé Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí a yà sí Ìlú Ọba. Ní ọdún 1885, Dókítà William Gordon Stables, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì ń kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọkùnrin, ní kí ilé iṣẹ́ kan ní Bristol kan ilé onígi fún òun, kí ẹṣin méjì máa fà á. Ó sọ ọ́ ní The Wanderer, ó sì bá a rìn láti Twyford ní gúúsù England títí dé Inverness ní òkè Scotland, pẹ̀lú awakọ̀ ẹṣin àti ìránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, àwọn Roma, àwọn ọlọ́jà kiri àti àwọn eléré ìta ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣe ilé, nítorí pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò gbà wọ́n láyè láti fìdí kalẹ̀. Ohun tí àìní bí fún àwọn wọ̀nyẹn ni dókítà yìí sọ di fàájì, àwọn ọlọ́lá mìíràn sì kọ́ ọ lára rẹ̀, títí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Caravan Club sílẹ̀ ní 1907.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ olówó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1910, ilé iṣẹ́ Pierce-Arrow gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Touring Landau wá sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní Madison Square Garden ní New York. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ di ibùsùn, àwo ìfọwọ́ ń jáde láti ẹ̀yìn àga awakọ̀, ìkòkò ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, tẹlifóònù sì wà tí ọ̀gá yóò fi máa pàṣẹ fún awakọ̀ láìgbé ohùn sókè. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní 1915, Roland Conklin, ọlọ́rọ̀ kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe bọ́ọ̀sì, kan ọkọ̀ ńlá kan tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, ó sì gbéra láti Huntington ní ìpínlẹ̀ New York, ó di San Francisco. Àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, aráyé sì ya ẹnu. Ṣùgbọ́n yíyanu ni wọ́n yanu, kò sí ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrọ̀rùn pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, ìṣọ́wóná kò sí níbẹ̀ rárá, ohun tí ọba nìkan lè wọ̀ kì í sì í di aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹni tí ó gbé ọ̀nà bọ́ sí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni Henry Ford ti Detroit. Nígbà tí ọkọ̀ Model T rẹ̀ jáde ní 1908, 850 dọ́là ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ tí ìdílé lè wọ̀; nígbà tí yóò fi di 1925, kò tó 300 dọ́là mọ́, tí ó fi jẹ́ pé àgbẹ̀, tíṣà, káfíńtà àti akọ̀wé kékeré ń ra ohun tí wọ́n ti ń fi ojú lásán wò. Model T, arìn-nínú-ẹrẹ̀-bí-ẹni-rìn-lórí-àpáta, ọkọ̀ tí ó ga lẹ́sẹ̀ tí kò ga lówó, òun ni ó tú àwọn tí owó reluwé àti owó òtẹ́ẹ̀lì ti so mọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1915, ìjọba gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè láti wọ ọgbà ńlá Yellowstone, níbi tí ó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ó ti ń kó àwọn àlejò káàkiri tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìdílé lẹ́yìn ìdílé ti ń di àgọ́, ìkòkò, kùbùsù àti ọmọ sínú Ford, tí wọ́n ń sùn ní ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí, tí wọ́n sì ń dáná ní ibi tí ebi bá ti pa wọ́n.

Ní oṣù Kejìlá 1919, àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n pàgọ́ sí De Soto Park ní Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida tí òtútù kì í ti í mú púpọ̀, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tin Can Tourists. Àmì tí wọ́n fi ń mọ ara wọn lójú ọ̀nà ni agolo òfìfo kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdérí rédíétọ̀ ọkọ̀, nítorí oúnjẹ inú agolo ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n fi ìmọ́tótó ibùdó, ìfẹ́ láàárín ara wọn, ìwà tí ó yẹ ọmọlúàbí àti fàájì tí kò ní ẹ̀gbin ṣe òpó ẹgbẹ́ wọn. Àwọn oníṣòwò Florida a máa bú wọn pé aṣọ kan àti ogún dọ́là kan ni wọ́n ń mú wá, àti pé títí wọn yóò fi padà sílé, aṣọ kò ní bọ́, owó kò sì ní fọ́. Èébú ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n oríkì ni ó jọ létí mi. Àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ ìwọ̀n ara wọn nìyẹn, tí wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ tí à ń ṣe fún ẹlẹ́wà Sápọ́n pé kí ó ṣe bí ó ti mọ, tí wọ́n sì rí oòrùn, òkun àti ọsàn Florida láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ ìlú kọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fún wọn ní omi àti ibi ìdáná, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ó bá sùn nílùú yóò ra nǹkan nílùú. Ibùdó Overland Park ní Denver lókìkí dé ibi tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí kò níṣẹ́ tí kò sì nílé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ dó sí ibùdó wọ̀nyí pẹ́ títí, àwọn ìlú náà yí ohùn padà ní àárín 1920 sí 1930, wọ́n ń gba sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n tàbí àádọ́ta lálẹ́ kan, kí ẹni tí kò ní i lè kọjá lọ. Bí ibùsùn ọ̀fẹ́ ṣe di ibùsùn tí à ń sanwó fún nìyẹn, tí àwọn kan sì rí i pé iṣẹ́ ajé wà nínú ilẹ̀ tí arìnrìn-àjò ń sùn sí.

Síbẹ̀, àgọ́ kì í ṣe ilé. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa, òjò náà sì ni ó bí ilé àfàtẹ̀lé, èyíinì ni ilé tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ọkọ̀ ń fà lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1929, Arthur Sherman, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ní Detroit, mú ìdílé rẹ̀ lọ sí ìsinmi pẹ̀lú àgọ́ orí táyà kan tí àwọn tí wọ́n tà á fún un sọ pé kíá ni yóò dúró. Òjò dé, àgọ́ kò dúró, gbogbo ilé sì rin gbindin. Nígbà tí ó padà délé, ó fi pákó pẹlẹbẹ kan ilé kékeré onígun mẹ́rin tí ó ní ibùsùn, àpótí ìkẹ́rùsí àti sítóòfù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fún un ní orúkọ Covered Wagon, tí í ṣe orúkọ kẹ̀kẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó gbé e lọ sí ìpàtẹ ọkọ̀ Detroit ní oṣù Kìíní 1930, ó dá 400 dọ́là lé e lórí, kí ìpàtẹ náà sì tó túká, ó ti ta 118. Nígbà tí yóò fi di 1936, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó tóbi jù nínú àwọn tí ń kan ilé àfàtẹ̀lé ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ kíyè sí ọdún náà: 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dojú dé, tí báǹkì ń tì, tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ní àkókò ọ̀dá owó gan-an ni ilé orí táyà gbilẹ̀, nítorí ó mú owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó ilé oúnjẹ kúrò nínú ìnáwó àjò lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó fi ku kìkì epo bẹntiróòlù. Ọkùnrin mìíràn tí ó yé ni Wally Byam, ọmọ Oregon, tí ó ti da àgùntàn nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ń gbé inú kẹ̀kẹ́ olùṣọ́-àgùntàn tí ó ní sítóòfù àti omi nínú. Nígbà tí ó dàgbà, ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn àti máa sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀; Byam kan ilé lé férémù Model T nítorí rẹ̀, ó kọ bí a ti ń ṣe é sínú ìwé ìròyìn, ó sì ń ta àwòrán rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan tirẹ̀. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Airstream tí ó dá sílẹ̀ gbé Clipper jáde, ilé alumíníọ́mù rogodo tí ń dán gbinrin, tí ó gba ènìyàn mẹ́rin sùn, tí ó ní iná mànàmáná àti omi tirẹ̀. Hawley Bowlus, tí ó bójú tó kíkan ọkọ̀ òfuurufú tí Lindbergh gbé fò kọjá òkun ní 1927, ni ó kọ́kọ́ gbé irú ilé alumíníọ́mù bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1934. Owó Clipper jẹ́ 1,200 dọ́là, owó gọbọi ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ kò sì rí i dá dúró, nítorí náà epo tí ọkọ̀ ń jẹ nídìí rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í tètè gbó. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò mọ̀ pé ọ̀wọ́n ojú ọjà lè jẹ́ ọ̀pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ìgbà yẹn dùn débi pé Roger Babson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí òkìkí rẹ̀ kàn, sọ pé kí ogún ọdún tó pé, ó ju ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà lọ tí yóò máa gbé inú ilé àfàtẹ̀lé. Àwọn oníṣẹ́ gbọ́, wọ́n sì kàn án láìwẹ̀yìn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé tún ṣubú ní 1937, ilé tí a kò rà kún àgbàlá wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ilẹ̀kùn. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Èmi kò lè sọ ìtàn yìí kí n sì fo àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n wà lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti mọ àti di oúnjẹ, omi, kùbùsù àti epo sínú ọkọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fàájì ni wọ́n ń wá. Ilé oúnjẹ ń lé wọn, òtẹ́ẹ̀lì ń lé wọn, ìlú mìíràn sì wà tí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú wọn sí. Ní 1936, Victor Hugo Green, akólẹ́tà kan tí ń gbé ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tí a mọ̀ sí Green Book, níbi tí ó kọ àwọn ilé tí yóò gba aláwọ̀ dúdú sí. Ọgbà Shenandoah ní Virginia, tí í ṣe ti ìjọba gbogbo gbòò, ní ibùdó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn ní Lewis Mountain ní 1939, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ orí òkè mọ àwọ̀ ènìyàn. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn gbé ibùsùn àti ìkòkò rẹ̀ dání jẹ́ ààbò kí ó tó jẹ́ ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964 ni ilẹ̀kùn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nígbà tí ó sì yá, àwọn pẹ̀lú dá ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀-ilé tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń rìn ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n lé àwọn baba wọn kúrò lórí rẹ̀.

Ogun àgbáyé kejì gba alumíníọ́mù lọ fún ọkọ̀ òfuurufú, ó sì sọ ilé àfàtẹ̀lé tí ó kù di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ogun. Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà pín sí méjì. Àwọn kan ń sọ ilé náà di ńlá sí i, títí ó fi fẹ̀ ju ohun tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fà lọ, ó sì gúnlẹ̀ sójú kan bí ilé tí ó rọjú fún ẹni tí kò lówó biríkì; àwọn yòókù di ìrìn mú. Byam wà nínú àwọn wọ̀nyí. Ní 1957, ó gbé ilé kan jáde tí ó ru omi, gáàsì, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, tí kò fi nílò kí a so ó mọ́ ohunkóhun, kí ó lè fi hàn pé ẹni tí ó gbé gbogbo rẹ̀ dání kò ní san owó ibùdó bí kò bá fẹ́. Láti dán irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wò, ó kó ilé àfàtẹ̀lé 41 lọ sí Cape Town ní 1959, wọ́n sì rìn la ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà já dé Cairo ní 1960, nínú ẹrẹ̀ àti yanrìn, tí Ọba Haile Selassie gbà wọ́n lálejò ní Ethiopia. Ohun tí ó bá Áfíríkà wọ̀yá ìjà tí kò fọ́ kò ní fọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Kẹfà 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí wọ́n la òpópónà 41,000 máìlì, ọ̀nà gbọọrọ náà sì pe ọkọ̀ jáde. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1962, Dave Drum ti Billings, ní Montana, rí àwọn tí ń kọjá lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Seattle tí wọn kò rí ibi sùn. Ó la ibùdó kan sí etí odò Yellowstone, ó fún wọn ní omi gbígbóná, tábìlì, ibi ìdáná àti ṣọ́ọ̀bù kékeré, ó sì gba 1.75 dọ́là lálẹ́ kan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ibùdó KOA tí ó tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà, Ray Frank ti Brown City, ní Michigan, ti mú ẹ́ńjìnnì àti ilé wọ inú ara kan ṣoṣo, ó sì di ọkọ̀-ilé. Ọ̀wọ́n ni àwọn ọkọ̀-ilé àkọ́kọ́ wọ̀nyí, títí Winnebago ti Forest City, ìlú àgbẹ̀ kékeré kan ní Iowa, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n ṣe ní 1966 ní ọ̀nà tí Ford gbà ṣe Model T, tí ó sì já owó wọn wálẹ̀ débi tí òṣìṣẹ́ lásán ń béèrè rẹ̀.

Ó yẹ kí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ nínú 1937, ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀pọ̀ a máa pa ìrántí. Ọkọ̀-ilé ń gùn sí i, ó ń wúwo sí i, ó ń mu epo bí ẹni pé epo kò lópin. Ní oṣù Kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo dúró fún Amẹ́ríkà. Owó epo gbéra, ìlà ọkọ̀ gùn níwájú ilé epo, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀-ilé sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Àwọn tí wọ́n mú un fẹ́rẹ̀ nígbà náà ni àwọn tí ilé wọn kéré, tí wọ́n sì mọ àti jókòó síbi kan pẹ́.

Ọgbọ́n ìjókòópẹ́ yìí ni àwọn àgbàlagbà sọ di àṣà. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ ní àríwá, wọn a sọ̀kalẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀ Arizona, ní àyíká Quartzsite, níbi tí ìjọba ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn láti 1983. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 180 dọ́là ni ẹnì kan ń san láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin, oṣù méje gbáko, owó tí kì í pẹ́ tán ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó bá sì ti pé ọdún 62 lè gba ìwé àṣẹ tí yóò fi wọ ọgbà ìjọba, tí ọ̀pọ̀ ibùdó inú rẹ̀ yóò sì dín owó kù fún un dé ìdajì. Lẹ́yìn ìṣubú ọrọ̀ ajé ti 2008, àwọn mìíràn tí ilé wọn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn dara pọ̀, wọ́n ń gbé inú ọkọ̀, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ kiri. A kò gbọdọ̀ pe ti àwọn wọ̀nyí ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀-ilé àtijọ́ mọ̀ ni ó gbà wọ́n là.

Kí ni àwọn wọ̀nyẹn mọ̀? Wọ́n mọ̀ pé ìwọ̀n ilé ni ìwọ̀n epo, pé ẹrù tí a kò lò láàárín oṣù kan jẹ́ owó tí à ń gbé kiri, àti pé ẹni tí ó yá owó báǹkì ra ọkọ̀-ilé ràgàjì, tí ó sì gbé e kalẹ̀ sí àgbàlá fún oṣù mọ́kànlá nínú ọdún, ti san owó òtẹ́ẹ̀lì tí kò sùn sí. Wọ́n mọ̀ pé àlòkù tí a yẹ̀ wò dáadáa sàn ju tuntun tí gbèsè bá wá, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà wọ́n ń wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń dáná fúnra wọn, wọ́n sì ń pẹ́ níbi tí ó bá dùn kí wọ́n tó tún gbéra. Dókítà Stables àti Conklin ní ìrọ̀rùn, wọn kò ní ẹgbẹ́. Àwọn Tin Can Tourists ní ẹgbẹ́, òjò sì pa wọ́n. Sherman, Byam àti àwọn ará Forest City ni wọ́n so ìrọ̀rùn àti ìṣọ́wóná pọ̀, iṣẹ́ wọn ni ó sì sọ ọkọ̀-ilé di ti gbogbo ènìyàn. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé àṣìṣe ni láti máa sọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn àti ìṣọ́wóná bí ẹni ń sọ ti orogún méjì. Ẹni tí ó bá ṣírò àjò rẹ̀ kí ó tó jáde nílé, tí ó gbé ìwọ̀nba ohun tí ó nílò dání, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni díje lójú ọ̀nà, òun ni yóò sùn dáadáa lóru, nítorí kò sí ohun tí í lé oorun lójú ènìyàn lẹ́yìn odi bí ìrònú owó.